Ilẹ̀ la ti ń fò, kì í ṣe òkè: Àṣírí tó wà lẹ́sẹ̀ àwọn tó ń fò bí ẹyẹ

Bí ẹni tí kò rí irú rẹ̀ rí bá jókòó síwájú amóhùnmáwòrán lásìkò ìdíje Òlíḿpíìkì ìgbà òtútù, tó sì rí ọkùnrin kan tó ń yọ̀ láti orí òkè yìnyín bọ̀ nísàlẹ̀, tí eré rẹ̀ dà bíi ti mọ́tò lójú ọ̀nà márosẹ̀, tó dé ibi tí ọ̀nà náà ti já, tó sì bọ́ sójú ọ̀run láìní ìyẹ́ apá kankan, ohun tí yóò kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni pé egbé ni onítọ̀hún lò. Kò sí ẹni tó lè bá a wí. Ní ọjọ́ 30, oṣù kẹta, ọdún 2025, ní Planica, lórílẹ̀-èdè Slovenia, ọmọ orílẹ̀-èdè náà kan tó ń jẹ́ Domen Prevc fò báyìí, mítà 254.5 ló sì balẹ̀ sí. Bí ẹ bá to pápá bọ́ọ̀lù méjì tẹ̀léra wọn ní gígùn, ọ̀gbẹ́ni yìí fo méjèèjì kọjá, fífò rẹ̀ kò sì tíì parí.

Àmọ́ kì í ṣe egbé, kì í sì í ṣe àféèrí. Orúnkún ni, ìbàdí ni, ọrùn ẹsẹ̀ ni, afẹ́fẹ́ sì ni. Èyí tó tilẹ̀ yẹ kó yani lẹ́nu jù ni pé iṣẹ́ tí ara ọkùnrin yẹn ṣe kò jìnnà sí èyí tí ara ọmọdé tó ń fo gọ́tà ń ṣe. Ẹ mú àdúgbò Duport Road ní Paynesville, lẹ́bàá Monrovia tí í ṣe olú-ìlú Liberia. Òjò tó ń rọ̀ ní agbègbè yẹn lọ́dún pọ̀ ju ti ọ̀pọ̀ olú-ìlú ayé lọ. Ọmọ tí wọ́n bá rán níṣẹ́ lẹ́yìn irú òjò bẹ́ẹ̀ kò ní ṣàì fo omi. Kó tó fò, yóò sún sẹ́yìn díẹ̀, yóò sáré, yóò rẹ orúnkún sílẹ̀, yóò sì fi ẹsẹ̀ kan gbá ilẹ̀. Àgbò tó fẹ̀yìn rìn, agbára ló lọ mú wá. Bí ẹsẹ̀ yẹn bá ti kúrò nílẹ̀ báyìí, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Bí yóò bá já sódìkejì, bí yóò bá já sínú omi, ilẹ̀ ni wọ́n ti dá ẹjọ́ náà.

Kókó ọ̀rọ̀ nìyí. Àwọn onímọ̀ tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa wọn bí ara èèyàn ṣe ń lo agbára ti fi kámẹ́rà tó ń ya àìmọye àwòrán láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣọ́ àwọn tó ń fò, wọ́n ti tẹ́ ẹ̀rọ ìwọ̀n sábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, ibi kan náà ni ìwádìí wọn sì ń forí tì sí: ìwọ̀nba àkókò kékeré tí ẹsẹ̀ fi wà nílẹ̀ kẹ́yìn ló ń sọ bí gbogbo ìyókù yóò ti rí. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ohun tí ojú ń rí kọ́ ló ń ṣẹlẹ̀

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ti àwọn tó ń fò lórí yìnyín. Ẹni tó ń ṣe eré yìí yóò de àwo gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ méjì mọ́ bàtà, èyí tí wọ́n ń pè ní síkì. Yóò lóṣòó sórí wọn, yóò tẹ àyà rẹ̀ mọ́ itan, yóò na ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, kí afẹ́fẹ́ má baà rí ibi dì í mú. Lóòṣòó yìí ni yóò ti máa yọ̀ bọ̀, títí eré rẹ̀ yóò fi tó nǹkan bíi 90 kìlómítà láàárín wákàtí kan. Ìyẹn ni pé láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo, ó ti rin mítà 25.

Ní ìparí ọ̀nà náà ni yóò ti nà ró lójijì. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá kan ni gbogbo nínà náà ń gbà, ẹ kò tíì ṣẹ́jú tán tó fi parí. Nítorí náà, ẹni tó bá fi ìdá kan péré nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá yá jù, mítà 2.5 ló ti fi ṣìnà. Bó bá tètè nà, yóò ti nà tán kó tó dé etí, agbára rẹ̀ yóò sì ṣòfò. Bó bá pẹ́, etí ọ̀nà yóò ti kọjá lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, yóò sì máa ti afẹ́fẹ́ lásán.

Ibi tí ojú ti ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ nìyí. Gbogbo ẹni tó bá ń wò ó ló rò pé ńṣe ni ọkùnrin náà fò sókè. Kò fò sókè rárá. Etí ọ̀nà tó ti fò kì í tẹ́jú, ó máa ń dà sísàlẹ̀ ní nǹkan bíi dígírì 11. Eré tó bá a bọ̀ ń tì í sísàlẹ̀, agbára tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì fi gbá ilẹ̀ kò tó láti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Láti ìgbà tó ti kúrò nílẹ̀ ló ti ń bọ̀ wálẹ̀. Ohun tí gbígbá tó gbá ilẹ̀ ṣe fún un ni pé kò jẹ́ kó yára wálẹ̀ bó ṣe yẹ. Òkè tí wọ́n gbẹ́ síwájú rẹ̀ náà ń dà sísàlẹ̀, ìdí nìyẹn tí kì í fi í ga púpọ̀ sí ilẹ̀ bó ti wù kó fò jìnnà tó.

Lẹ́yìn èyí ni afẹ́fẹ́ gba iṣẹ́. Bó ti ń nà ró ni yóò ti fi ara rẹ̀ síwájú díẹ̀, kí ara náà lè máa dojú bolẹ̀ lọ bó ti ń kúrò nílẹ̀. Kí ìṣẹ́jú-àáyá kan tó pé, ó gbọ́dọ̀ ti nà gbọọrọ lé síkì rẹ̀ lórí, bí ẹni tó fẹ́ fi imú kan orí àwo náà. Bí dídojúbolẹ̀ yẹn bá pọ̀ jù, yóò takìtì. Bó bá kéré jù, afẹ́fẹ́ yóò dì í láyà mú, eré rẹ̀ yóò sì kú. Ìwọ̀n tó wà láàárín méjèèjì kò ju bíńtín lọ, ilẹ̀ ló sì ti gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n.

Títí di ọdún 1985 sí 1990, síkì méjèèjì ni wọ́n máa ń so pọ̀ gbọọrọ lójú ọ̀run bí ojú irin ọkọ̀ ojú irin. Ọmọ Sweden kan, Jan Boklöv, ló bẹ̀rẹ̀ sí í la tirẹ̀ síwájú bí ọ̀pá àlùgbè. Àwọn adájọ́ kò fẹ́ rí i, wọ́n ń gé máàkì rẹ̀ nítorí pé kò bá àṣà mu. Àmọ́ ó ń jìnnà ju àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, òun ló sì gba ife àgbáyé ti sáà 1988 sí 1989. Lílà tó la síkì ló jẹ́ kí afẹ́fẹ́ rí ojú púpọ̀ sí i tó máa gbé. Láàárín ọdún díẹ̀ sí i, gbogbo ayé ti ń fò bíi tirẹ̀, àwọn adájọ́ sì gbé gègé wọn sílẹ̀.

Agbára afẹ́fẹ́ yìí pọ̀ débi pé aṣọ pàápàá di ẹjọ́. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, níbi ìdíje àgbáyé tó wáyé ní Trondheim, ní Norway, wọ́n yọ àwọn kan lára àwọn onílé kúrò nínú ìdíje nítorí pé wọ́n ti yí rírán aṣọ wọn padà lọ́nà tí òfin kò fọwọ́ sí. Aṣọ tó bá gba afẹ́fẹ́ dúró díẹ̀ sí i, ìyẹ́ apá ló dà.

Chioma Ajunwa àti pákó funfun

Ilẹ̀ Yorùbá kò ní yìnyín, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo Nàìjíríà. Àmọ́ a ní yanrìn, orí yanrìn sì ni fífò ti sọ orúkọ wa di ńlá. Ní ọjọ́ 2, oṣù kẹjọ, ọdún 1996, ní Atlanta, l'Ámẹ́ríkà, ọlọ́pàábìnrin kan, Chioma Ajunwa, dúró ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà ìsáré. Ọdún mẹ́rin gbáko ni wọ́n ti fòfin dè é kúrò nínú eré ìdárayá, láti 1992, lórí ọ̀rọ̀ oògùn. Ọdún tí ìfòfindè náà parí gan-an nìyí. Kí ọ̀rọ̀ ti fífò tó dé, òun náà ti bá àwọn Super Falcons lọ sí ìdíje ife àgbáyé bọ́ọ̀lù àwọn obìnrin ní ọdún 1991. Ìgbà àkọ́kọ́ tó sáré, tó sì fò lọ́jọ́ náà, mítà 7.12 ni. Fiona May ti Italy fò 7.02, Jackie Joyner-Kersee ti Amẹ́ríkà fò 7.00. Kò sẹ́ni tó lé e bá. Wúrà àkọ́kọ́ tí ọmọ Nàìjíríà kan dá gbà ní Òlíḿpíìkì nìyẹn, títí ìdíje Paris ti ọdún 2024 sì fi parí, ẹlòmíràn kò tíì dá gba irú rẹ̀.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí ara nínú irú fífò bẹ́ẹ̀? Ohun àkọ́kọ́ ni eré. Àwọn obìnrin tó dáńtọ́ nínú eré yìí láyé a máa sáré tó mítà 9 sí 9.5 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan bí wọ́n bá fẹ́ dé pákó funfun tí wọ́n ń tẹ̀ fò. Ẹni tí kò lè sáré kò lè fò jìnnà, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi jẹ́ asáré pẹ̀lú.

Ohun kejì ni ẹsẹ̀ méjì tó kẹ́yìn. Ẹsẹ̀ tó ṣáájú èyí tó kẹ́yìn máa ń gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìbàdí yóò sì rẹlẹ̀ díẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn yóò kúrú, yóò sì yá. Bí ẹsẹ̀ náà ti ń gún pákó, ibi tí ìwúwo ara kórajọ sí, nítòsí ìdodo, ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀ díẹ̀. Ara yóò wá gba orí ẹsẹ̀ tó ti le gan-an yẹn kọjá, bí ìgbà tí èèyàn fi ọ̀pá gígùn gúnlẹ̀ láti fo odò. Eré tó ń lọ síwájú ló yí apá kan padà di agbára tó ń gbéni sókè. Gbogbo èyí kò ju nǹkan bí ìdá méjìlá nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ. Láàárín àkókò yẹn, ẹrù tó ń sọ̀ kalẹ̀ sórí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo náà máa ń ju ìwúwo gbogbo ara lọ ní ọ̀pọ̀ ìlọ́po. Orúnkún tí kò bá le tó yóò tẹ̀, fífò yóò sì bàjẹ́.

Àwọn tó kàwé ìṣirò lè béèrè pé ṣebí wọ́n kọ́ wa pé igun dígírì 45 ni òkò ti ń jìnnà jù. Òótọ́ ni fún òkò. Ti èèyàn yàtọ̀. Nǹkan bíi dígírì 20 ni àwọn tó mọ̀ ọ́n fò ń gbà. Ẹni tó bá fẹ́ gba 45 pẹ̀lú irú eré tí a sọ yìí yóò ní láti gbé ara rẹ̀ sókè ju mítà 4 lọ, kò sì sí ẹsẹ̀ èèyàn tó lè ṣe é. Bó bá fi ipá wá a, àfi kó dín eré rẹ̀ kù, jíjìnnà tó ń lé náà ni yóò sì fi tanná. Òkò àbínújù kì í pẹyẹ.

Ohun kẹta ni ìwọ̀n. Fífẹ̀ pákó náà kò ju sẹ̀ǹtímítà 20 lọ. Ẹni tó bá fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ kọjá etí rẹ̀, àsíá pupa ni wọn yóò gbé sókè, fífò náà di òfo. Ẹni tó bá sì tẹ ẹ̀yìn rẹ̀, ohun tó fi sílẹ̀ kò ní í padà wá, nítorí etí pákó ni wọ́n ti ń wọ̀n, kì í ṣe ibi tí ẹsẹ̀ tẹ̀. Ese Brume mọ adùn àti ìkorò ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2021, ní Chula Vista, l'Ámẹ́ríkà, ó fò 7.17, ó sì gba ipò tí 7.12 Ajunwa ti di mú ní ilẹ̀ Áfíríkà fún ọdún 25. Ní oṣù kẹjọ ọdún kan náà, ní Òlíḿpíìkì Tokyo, ó fò 6.97. Malaika Mihambo ti Jámánì gba wúrà pẹ̀lú 7.00. Brittney Reese ti Amẹ́ríkà náà fò 6.97, wọ́n ní láti wo fífò tó tẹ̀lé èyí tó dára jù kí wọ́n tó fún Reese ní fàdákà, Brume sì gba idẹ. Sẹ̀ǹtímítà 3 ló wà láàárín idẹ àti wúrà. Kò ju ìbú ìka méjì lọ.

Lójú ọ̀run, kò sí àtúnṣe tó ṣe gúnmọ́. Ẹsẹ̀ tí ẹ ń rí tí wọ́n ń fi rin afẹ́fẹ́, ọwọ́ tí wọ́n ń jù, kò fi ohun kankan kún eré wọn. Ohun tó wà fún ni pé gbígún tí ẹsẹ̀ gún pákó máa ń fẹ́ da ara dojú bolẹ̀. Bí wọn kò bá fi ẹsẹ̀ àti ọwọ́ pẹ̀rọ̀ sí i, ẹsẹ̀ yóò tètè já sínú yanrìn. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn àti onísíkì nìyí: onísíkì lè fi afẹ́fẹ́ ṣe irọ̀rí, ẹni tó ń fo yanrìn kò pẹ́ lókè tó bẹ́ẹ̀, ìṣẹ́jú-àáyá kan kì í pé tó fi balẹ̀.

Tobi Amusan kò fẹ́ pẹ́ lókè

Fífò kan tún wà tó jẹ́ òdìkejì méjèèjì. Igi ìdènà mẹ́wàá ni wọ́n ń tò sójú ọ̀nà àwọn obìnrin tó ń sá mítà 100 onígi. Gíga ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 83.8. Mítà 13 ló wà ṣáájú igi àkọ́kọ́, mítà 8.5 ló wà láàárín igi kan sí èkejì, mítà 10.5 ló sì kù lẹ́yìn èyí tó kẹ́yìn. Níbí, ẹni tó bá pẹ́ lókè ti pàdánù, nítorí pé ẹsẹ̀ tí kò sí nílẹ̀ kò lè sáré.

Oluwatobiloba Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, ló fi èyí han gbogbo ayé. Ní ọjọ́ 24, oṣù keje, ọdún 2022, ní Eugene, l'Ámẹ́ríkà, ó sá a ní ìṣẹ́jú-àáyá 12.12. Kò tíì sí obìnrin kankan tó sá a bẹ́ẹ̀ rí, 12.20 tí Kendra Harrison sá ní 2016 ló wà níwájú. Ní àṣekágbá alẹ́ ọjọ́ náà, ó sá 12.06, àmọ́ afẹ́fẹ́ tó ń ti àwọn asáré lẹ́yìn tó mítà 2.5 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, nígbà tí 2.0 ni òfin gbà. Wọn kò ka àkókò náà, ṣùgbọ́n wọ́n fún un ní wúrà, òun sì ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba wúrà ìdíje àgbáyé nínú eré sísá àti fífò.

Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé kì í fò lẹ́bàá igi. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Nǹkan bíi mítà 2 sí igi ni àwọn tó mọ̀ ọ́n ti ń kúrò nílẹ̀, wọ́n a sì balẹ̀ ní nǹkan bíi mítà 1 lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá sún mọ́ igi jù yóò ní láti fò sókè ṣánṣán, bó bá sì balẹ̀, eré rẹ̀ ti kú. Wọ́n ń tẹ àyà síwájú, wọ́n ń gbé orúnkún ṣáájú, ìbàdí kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ga ju bó ti wà nígbà tí wọ́n ń sáré lọ.

Àwọn tó gbé e lọ sórí yìnyín

Bí ẹnikẹ́ni bá sì rò pé yìnyín kò kan ọmọ Yorùbá, kó rántí Pyeongchang, ní Gúúsù Korea, ní oṣù kejì ọdún 2018. Seun Adigun, tó ti sá eré onígi fún Nàìjíríà ní Òlíḿpíìkì London ní 2012, ló wà nídìí ọkọ̀ yìnyín tí òun, Ngozi Onwumere àti Akuoma Omeoga gbé lọ síbẹ̀. Ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ láti ilẹ̀ Áfíríkà nìyẹn nínú eré náà ní Òlíḿpíìkì. Pákó ni Adigun fi kan ọkọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ fi ń kọ́ṣẹ́ ní Houston. Níbẹ̀ kan náà ni Simidele Adeagbo, tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó ń fo ẹlẹ́ẹ̀mẹ́ta tẹ́lẹ̀, ti dojú bolẹ̀ lórí pẹpẹ irin kékeré, tó sì gbé orí ṣáájú sọ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀nà yìnyín, obìnrin Áfíríkà àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀ ní Òlíḿpíìkì.

Kì í ṣe èèṣì pé ẹni tó ń fo igi àti ẹni tó ń fo yanrìn ni wọ́n. Ìbẹ̀rẹ̀ ni eré wọ̀nyí ti ń béèrè ẹsẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ sáré ti ọkọ̀ náà kí wọ́n tó fò sínú rẹ̀, agbára ìbàdí àti orúnkún tó ń gbéni kúrò nílẹ̀ ló sì ń ti ọkọ̀ lọ. Ipò ìkẹyìn ni ọkọ̀ wọn àti Adeagbo wà nínú ìdíje tiwọn, nítorí pé ẹni tó ti ń wa yìnyín láti kékeré mọ kọ̀rọ̀ rẹ̀ ju àlejò lọ. Síbẹ̀, ilẹ̀kùn ti ṣí.

Kí ló kù nílé?

Ẹ̀kọ́ tó wà nínú gbogbo èyí kò ṣòro. Amusan kọ́ṣẹ́ dójú àmì ní yunifásítì ìjọba Texas tó wà ní El Paso. Adigun àti Adeagbo náà, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti sá, tí wọ́n sì ti fò dàgbà. Ebony Morrison tó sá eré onígi fún Liberia ní Tokyo, ibẹ̀ náà ni. Ẹsẹ̀ ni ẹsẹ̀ wa, òkèèrè ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n fún wa.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ohun èlò ìbẹ̀rẹ̀ kò pọ̀. Yanrìn tí wọ́n tú dáadáa kí ọmọ má baà fi ọrùn ẹsẹ̀ ṣẹ́, téèpù ìwọ̀n, pákó kan, àti fóònù tó lè ya àwòrán tó ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Olùkọ́ tó ní fóònù bẹ́ẹ̀ lónìí lè rí ohun tí ojú lásán kò lè rí: bóyá ọmọ náà ń dín eré kù bó bá fẹ́ dé pákó, bóyá ó ń bojú wo ilẹ̀, bóyá ẹsẹ̀ tó ṣáájú èyí tó kẹ́yìn kò gùn tó. Kó kọ́ ọmọ láti ka ẹsẹ̀ rẹ̀, kó sàmì síbi tó ti bẹ̀rẹ̀, kó sáré láti ibẹ̀ ní ogún ìgbà kó tó fò lẹ́ẹ̀kan. Ìbú ìka méjì tó gba wúrà lọ́wọ́ wa ní Tokyo, irú ibẹ̀ la ti lè rí i.

Nítorí náà, nígbà mìíràn tí ọmọ Nàìjíríà bá dúró ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà ìsáré, tí gbogbo wa sì tẹjú mọ́ ibi tí yóò balẹ̀ sí, ẹni tó mọ eré náà kò ní wo ibẹ̀. Pákó funfun ni yóò tẹjú mọ́. Àsìkò tí àsíá funfun bá gòkè, ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ tán.